Èédú Paràkú: ta ni ń san owó igi?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń gé igi nínú igbó, kí á máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ní ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Tchaourou wọ Paràkú, àpò èédú ni wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Àwọn kan nínú wọn ń lọ sí ọjà Arzèkè àti àwọn ọjà kéékèèké inú ìlú Paràkú. Àwọn yòókù ń dúró de ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bohicon, Kùtọnu àti Àjàṣẹ́. Kò sí ẹni tí ìran yìí jẹ́ tuntun fún mọ́. Nítorí pé ó ti di ohun ojoojúmọ́, ìwọ̀nba ènìyàn ló ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó wà nínú owó tí à ń san lórí àpò kan.

Bí a bá tú owó náà wò, a óò rí owó iṣẹ́ ẹni tó gé igi, owó iṣẹ́ ẹni tó sun ún, owó àpò, owó ìwé àṣẹ, owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí nínú rẹ̀: owó igi fúnra rẹ̀. Igi tó lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó dàgbà ni a ń mú bí ẹni pé òjò àná ló rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, òfin nìkan kò lè dá igbó sí. Èyí ni gbòǹgbò ìṣòro tí àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ń bá yí láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ náà sì ni ó yẹ kí a ti wá ojútùú.

Ìlú ń gbòòrò, igbó ń sún sẹ́yìn

Ètò ìkànìyàn fi bí Paràkú ṣe ń dàgbà hàn kedere. Ní ọdún 1992, ènìyàn 103,577 ni wọ́n kà níbẹ̀. Ní ọdún 2002, wọ́n di 149,819. Ní ọdún 2013, wọ́n ti di 255,478. Èyí já sí pé láàárín ọdún mọ́kànlélógún, iye ará ìlú náà ti ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn tó ti abúlé wọlé wá, àwọn tó wá ṣòwò láti Nìjẹ̀r àti Nàìjíríà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, gbogbo wọn ni wọ́n ń jẹun lójoojúmọ́. Ní abúlé, ìyàwó ilé lè ṣa igi gbígbẹ bọ̀ láti oko. Ní ìgboro, rírà ni.

Ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín kí ìlú máa dáná igi àti kí ó máa dáná èédú. Èédú fúyẹ́, kì í rú èéfín púpọ̀, ooru tó wà nínú kílò kan rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti igi gbígbẹ. Ìdí nìyí tó fi ṣeé gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n inú òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ti ń sun ún ni òfò wà. Bí ẹni tó ń sun èédú bá to ọgọ́rùn-ún kílò igi gbígbẹ jọ, tí ó fi koríko àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó gẹ́gẹ́ bí àwọn baba rẹ̀ ti ń ṣe, kílò mẹ́wàá sí ogún péré ni yóò sábà rí kó níbẹ̀. Ìyókù ti di èéfín àti eérú. Ìdílé tó fi igi sílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra èédú lè rò pé òun ti fi igbó lọ́rùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ igi tó ń parun nítorí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 2010 sí 2020, Bẹ̀nẹ̀ ń pàdánù nǹkan bí 50,000 hẹ́kítà igbó lọ́dọọdún. Hẹ́kítà kan fi díẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ. Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi náà ru ẹni tó ń sun èédú. Àgbẹ̀ oníṣu ń wá ilẹ̀ tuntun tí kò tíì ṣá. Àgbẹ̀ olówùú ń ṣán igbó. Ọgbà kaajú ń gba ilẹ̀. Oko àti èédú sì máa ń ran ara wọn lọ́wọ́: igi tí àgbẹ̀ gé láti fi dá oko ni wọ́n ń sun, owó èédú náà ni ẹlòmíràn sì fi ń dá oko tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀kan kúrò lára èkejì yóò pẹ́ níbẹ̀.

Ohun tó dájú ni pé ọjà ìlú ńlá ló sọ igi inú oko di owó kíákíá. Igi líle bí igi àyìn ni àwọn tó ń sun èédú fẹ́ràn jù, nítorí pé èédú rẹ̀ wúwo, ó sì ń pẹ́ nínú iná. Nígbà tí igi líle bá tán nítòsí, ọwọ́ a kan igi òrí àti igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin dáàbò bo méjèèjì. Igi òrí a máa lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kí ó tó so èso. Lẹ́yìn náà, ó lè máa so fún ìran méjì, mẹ́ta. Obìnrin tó ń ṣa èso òrí ní abúlé Borgou mọ̀ pé owó ilé ìwé àwọn ọmọ òun wà lórí igi náà. Bí a bá gé e nítorí àpò èédú mélòó kan, èso ọdún tó ń bọ̀ àti ti ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni a gé mọ́ ọn.

Kí ló dé tí èédú fi borí?

Àwọn kan máa ń sọ pé àìmọ̀kan ló ń mú kí ènìyàn ra èédú. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣirò tí àwọn ìyá ń ṣe lójoojúmọ́ péye. A lè ra èédú ní ìwọ̀n kékeré, gẹ́gẹ́ bí owó tó wọlé lọ́jọ́ náà bá ti mọ. Ẹni tó bá rí owó díẹ̀ ra díẹ̀, ẹni tó bá rí púpọ̀ ra àpò. Ti gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀: a gbọ́dọ̀ ra ìgò, a gbọ́dọ̀ ra ohun ìdáná orí rẹ̀, bí ó bá sì tán, gbogbo owó ìgò náà ni a ó san lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìgbà kan sì wà tí gáàsì máa ń wọ́n ní ọjà. Ẹni tí gáàsì rẹ̀ tán ní ọjọ́ tí kò sí ní ìlú yóò padà sídìí àdògán rẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni iṣẹ́ oúnjẹ tí Paràkú fi lórúkọ. Àwọn oníyán ń se iṣu nínú ìkòkò ńlá láti òwúrọ̀. Àwọn tó ń pọn ọtí tchoukoutou ń fi iná sí ìdí ìkòkò fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àwọn tó ń se wàrà àti àwọn tó ń po òrí náà nílò iná tí kò gbọdọ̀ kú. Fún gbogbo àwọn wọ̀nyí, ohun ìdáná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé nìkan, òwò ni. Bí owó rẹ̀ bá fò sókè lójijì, owó abọ́ iyán á gbé e, tàbí kí èrè obìnrin náà pòórá.

Síbẹ̀, iná yìí ní owó mìíràn tí wọn kì í kọ sí ara àpò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé láti ara igi, èédú àti irú ohun ìdáná bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ní gbogbo ayé. Àwọn obìnrin àti ọmọ kéékèèké tó wà nídìí ààrò ni ewu náà sún mọ́ jù. Èédú kì í rú èéfín bí igi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olóró tí a kò lè fi ojú rí ń jáde lára rẹ̀, pàápàá nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ pa.

Iná mànàmáná kò tíì dé ìdí ìkòkò

Nígbà tí àwọn aláṣẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa agbára, iná mànàmáná ni ọ̀rọ̀ wọn sábà máa ń dá lé. Wọ́n sì ní ìdí tó dára. Ní ọdún 1968, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dá àjọ CEB sílẹ̀ papọ̀ láti máa wá iná fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1987. Ìyókù, àwọn aládùúgbò ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ wọn: láti ìdídò Akosombo ní Gánà, lẹ́yìn náà láti Nàìjíríà. Ní ọdún 1998, nígbà tí ọ̀dá mú kí omi adágún Volta lọ sílẹ̀, òkùnkùn bo Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i nígbà náà pé ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ iná kò jìnnà sí ara wọn, àti pé ẹni tó ń yá iná aládùúgbò gbọ́dọ̀ máa wo ojú ọ̀run aládùúgbò pẹ̀lú.

Láti ìgbà náà, ìjọba ti gbìyànjú láti ní tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ Maria-Gléta 2, tí agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 127, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2019 ní Abomey-Calavi. Ní ọdún 2022, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ iná oòrùn Illoulofin ní kọ́múùnù Pobè, mẹ́gáwáàtì 25. Ètò MCA-Bénin II, tí Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù 375 dọ́là tì lẹ́yìn nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, tún àwọn wáyà àti ilé ìpín-iná ṣe kí ó tó parí ní ọdún 2023. Nínú ètò náà, wọ́n ka Paràkú mọ́ Bohicon, Djougou àti Natitingou gẹ́gẹ́ bí ìlú mẹ́rin tó yẹ kí a kọ́ ilé iṣẹ́ iná oòrùn sí. Oòrùn apá àríwá kò sì ní àfiwé ní ilẹ̀ wa.

Gbogbo èyí dára, ó sì yẹ kí ó tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n gílóòbù tó tàn sí òkè kò sọ pé ìkòkò tó wà nísàlẹ̀ ti kúrò lórí èédú. Ní ọdún 2020, kò tó ìdajì àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tó ní iná mànàmáná nílé. Àwọn tó ń fi gáàsì tàbí iná mànàmáná dáná kò tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá. Àní nínú ilé tó ní iná, ìwọ̀nba ènìyàn ló lè san owó tí sísè oúnjẹ yóò gbà. Fìtílà àti fóònù ni iná náà wà fún. Bí a bá ka mẹ́gáwáàtì nìkan, a ó rò pé a ti ṣe ìdajì iṣẹ́, nígbà tí apá tó pọ̀ jù nínú agbára tí àwọn ìdílé ń lò ṣì ń ti inú igbó wá.

Òfin wà, ṣùgbọ́n ìka ta ni ó ń gé?

Bẹ̀nẹ̀ kò ṣe aláìní òfin. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ní abala kẹtàdínlọ́gbọ̀n pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dára, ó sì jẹ́ ojúṣe olúkúlùkù láti dáàbò bò ó. Òfin 93-009 ti ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1993 ṣètò ọ̀rọ̀ igbó: ẹni tó lè gé igi, ìwé àṣẹ tó yẹ kí ó gbà, àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Òfin àyíká tẹ̀ lé e ní ọdún 1999. Òfin 2018-18 ti ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2018 sì dá lé àyípadà ojú ọjọ́ gan-an. Láti ọdún 1985, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2013, ìjọba ké sí àwọn ará ìlú pé kí mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn gbin mílíọ̀nù mẹ́wàá igi.

Nǹkan méjì ló ń fa gbogbo akitiyan yìí sẹ́yìn. Èkíní, gbígbìn ni a ń ṣe àjọyọ̀ fún. Kò sí àjọyọ̀ fún ẹni tó bomi rin igi ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí iná igbó sì ń jó kiri. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni Paràkú ní lọ́dún. Igi tí a gbìn ní oṣù kẹfà tí kò rí olùtọ́jú títí di oṣù kẹrin ọdún kejì, orí ìwé ìròyìn nìkan ni yóò ti hù.

Èkejì ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nínú òwò èédú, ìka tó wà nítòsí jù ni òfin sábà máa ń rí: ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé àpò mẹ́ta sórí alùpùpù, tàbí àgbẹ̀ tó sun èédú nígbà tí iṣẹ́ oko kò sí. Oníṣòwò tó ti san owó sílẹ̀ kí igi tó wó lulẹ̀ kò sí nínú igbó lọ́jọ́ náà. Ìdílé ìgboro tó ń ra èédú náà kò tilẹ̀ mọ igbó tí ó ti wá. Àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts kò pọ̀ tó láti máa ṣọ́ igbó ìjọba tó wà ní Tchaourou, Toui àti Kilibo, ká má tíì sọ ti Wari-Maro àti ti Òkè Ouémé. Bí wọ́n bá sé ọ̀nà kan, àwọn tó ń gé igi a wọ inú lọ sí i. Fún ará abúlé, igbó ìjọba kì í ṣe ti ẹnì kankan: bí òun kò bá gé e, àjèjì yóò gé e. Ẹni tí kò ní nǹkan kan láti jèrè nínú kí igi wà lóòró, òun gan-an ni òfin ń retí pé kí ó bá a ṣọ́ ọ.

Ohun tí àwọn aládùúgbò ti dán wò

Orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, tí igi wọ́n sí ju tiwa lọ, gbé ìgbésẹ̀ kan tó yàtọ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1992. Òfin tuntun gbé àkóso igbó tó yí abúlé ká lé ọwọ́ abúlé fúnra rẹ̀. Abúlé tó bá gbà yóò dá ọjà igi sílẹ̀. Wọ́n á ṣírò iye igi tí igbó náà lè fún wọn lọ́dún láìparun. Oníṣòwò á wá rà á níbẹ̀, apá kan nínú owó orí igi náà á sì kù sí abúlé. Igi tó bá wá láti ibi tí kò sí àkóso, owó orí tirẹ̀ pọ̀ jù. Fún ìgbà àkọ́kọ́, igi tó wà lóòró ní olówó. Àléébù ètò náà hàn lẹ́yìn náà: nígbà tí àyẹ̀wò ní ẹnu ibodè ìlú dẹ̀, àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún ọjà abúlé, wọ́n ń lọ kó igi olówó pọ́ọ́kú níbòmíràn. Bẹ̀nẹ̀ náà gbìyànjú irú ọjà igi abúlé bẹ́ẹ̀ nínú ètò igi ìdáná rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí owó ètò bá tán, agbára ìtọ́jú rẹ̀ náà máa ń tán.

Sẹ̀nẹ̀gàl gba ọ̀nà gáàsì. Láti ọdún 1974, lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó ba Sahel jẹ́, ìjọba wọn ṣe ìgò gáàsì kékeré tó rọrùn láti gbé, wọ́n sì ń san apá kan nínú owó rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Dakar di ìlú gáàsì. Ṣùgbọ́n ẹrù náà wúwo fún àpò ìjọba, wọ́n sì fòpin sí ìrànlọ́wọ́ yìí ní ọdún 2009. Nígbà tí owó gáàsì gòkè, àwọn ìdílé tí agbára wọn kò tó tún padà sídìí èédú.

Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ náà ti rí irú ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ìrànlọ́wọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin ní Nàìjíríà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo kpayo tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà Paràkú gbówó lórí ní ọ̀nà tí kò ṣẹlẹ̀ rí, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì tẹ̀ lé e. Epo náà kò fi ìgbà kan jẹ́ olówó pọ́ọ́kú ní ti gidi. Ẹlòmíràn ló ń bá wa san apá kan níbẹ̀. Bí èédú ṣe rí gan-an nìyẹn. Igbó ló ń bá wa san apá kan nínú owó rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé igbó kì í kéde lórí rédíò pé òun ò lè san án mọ́.

Ohun tó ṣeé ṣe ní Paràkú

Bí owó igi kò bá sí nínú owó èédú, ìdáhùn tó yá lẹ́nu ni pé kí á fi í kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í kún un lónìí láìṣe ohun mìíràn, orí oníyán àti ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà ni yóò di ẹrù náà lé. Ìdí nìyí tí ètò ìgbésẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Ohun tó ń dín ìlò èédú kù ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí owó igi tó tẹ̀ lé e.

Èyí tó rọrùn jù ni àdògán. Àdògán tuntun bíi Nansu, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa ń rọ, ń pa ooru mọ́ sí ìdí ìkòkò, ó sì lè dín èédú tí ìdílé ń lò kù tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Owó tí obìnrin bá fi rà á yóò padà wọlé láàárín ìwọ̀nba oṣù. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni owó àkọ́san. Àwọn ẹgbẹ́ èsúsú àti ilé ìyáwó kéékèèké tó kún Paràkú lè yá ènìyàn ní owó àdògán gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń yá wọn ní owó ọjà.

Lẹ́yìn náà ni òkìtì tí wọ́n ti ń sun èédú. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, àwọn tó ń sun èédú ní Casamance ń fi àgbá irin ṣe ihò èéfín sí ẹ̀gbẹ́ òkìtì, wọ́n sì ń to igi gbígbẹ dáadáa kí afẹ́fẹ́ lè yí i ká bó ṣe yẹ. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò igi, wọ́n lè rí èédú tó kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n. Ẹni tó ń rí kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ́lẹ̀, tó wá ń rí ọgbọ̀n, ti dá ìdajì igi sí láìdín owó tirẹ̀ kù. Kò sí òfin ìfòfindè tó lè ṣe irú èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń pè ní ọ̀daràn kì í jáde wá kọ́ iṣẹ́. Ó di dandan kí a kọ́kọ́ ka sísun èédú sí iṣẹ́ ọwọ́, kí àwọn tó ń ṣe é ní ẹgbẹ́ àti ìwé ẹ̀rí.

Ní ti gáàsì, ẹ̀kọ́ Sẹ̀nẹ̀gàl yé wa: ìrànlọ́wọ́ tó bá dá lórí gáàsì inú ìgò kì í lópin. Ó sàn kí ìrànlọ́wọ́ dá lórí ìgò àti ohun ìdáná àkọ́kọ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí á sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè san owó gáàsì díẹ̀díẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, gáàsì gbọ́dọ̀ wà ní Paràkú ní gbogbo ìgbà. Ibi ìkópamọ́ gáàsì tó dúró dáadáa ní apá àríwá lè ṣe ju ìpolongo ọdún márùn-ún lọ.

Ìgbà náà ni owó igi lè wọlé, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìkéde tó ti wà ṣáájú. Kí ọkọ̀ tó ń gbé èédú lọ sí Kùtọnu san ju ọkọ̀ tó ń wọ Paràkú lọ. Kí èédú tó ti ọ̀dọ̀ abúlé tó ń tọ́jú igbó rẹ̀ wá san kéré, gẹ́gẹ́ bí ti Nìjẹ̀r. Kí apá tó hàn kedere nínú owó náà padà sí abúlé yẹn, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ara pátákó níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Kọ́múùnù Tchaourou, N'Dali àti Paràkú wà lára àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ ṣe èyí, nítorí pé igi kan kì í dá igbó ṣe, kọ́múùnù kan náà kò sì lè dá ẹnu ọ̀nà ṣọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin igbó, ìwé àṣẹ àti ìwé ìtanràn. Èdè Baatonu, Dendi, Yorùbá àti Fúlàní ni àwọn tó ń gé igi, tó ń sun ún, tó sì ń tà á ń sọ. Ẹni tí kò lè ka ìwé àṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì lè mọ ìgbà tí wọ́n bá gba owó tí kò yẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Abúlé tí a fẹ́ kí ó ṣàkóso igbó gbọ́dọ̀ lè kọ iye igi tí wọ́n gé àti iye owó tó wọlé sínú ìwé, ní èdè tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́. Kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà tó kọ́ ènìyàn ní kíkà àti ìṣirò jẹ́ irinṣẹ́ ìtọ́jú igbó bí ọkọ́ àti àdá ti jẹ́.

Omi náà ń wò wá

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ igbó jẹ́ ti àwọn ará abúlé nìkan, kí ó wo ẹnu ẹ̀rọ omi ilé rẹ̀. Adágún tí wọ́n dí sórí odò Okpara ni SONEB ti ń fa omi fún Paràkú. Bí igi bá tán ní ẹ̀bá odò àti lórí ilẹ̀ tó ń da omi sínú rẹ̀, òjò líle a gbá iyẹ̀pẹ̀ oko pẹ̀lú ajílẹ̀ inú rẹ̀ lọ sínú adágún. Iyẹ̀pẹ̀ ń dín ààyè omi kù. Ajílẹ̀ ń bọ́ ewéko tó ń bo ojú omi. Ní oṣù kẹta ọdún, nígbà tí oòrùn bá mú jù tí gbogbo ènìyàn sì ń wá omi, ìgbà náà ni ìyàtọ̀ á hàn láàárín adágún tó jinlẹ̀ àti èyí tó ti kún fún ẹrẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń kìlọ̀ pé ooru yóò máa pọ̀ sí i, òjò yóò sì máa rọ̀ lọ́nà tí kò ṣeé fọkàn tán mọ́. Bẹ̀nẹ̀ kò ní ipá lórí èéfín ilé iṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ńlá. Ó ní ipá lórí bí ìlú rẹ̀ ṣe ń dáná. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Igi òrí tí a bá dá sí lónìí ní ẹ̀bá Okpara, ọmọ tó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní ni yóò mu omi rẹ̀. Ìṣòro tó kù ni kí á gbà láti san owó rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà lóòró, kí á sì san án fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ.